Kí Lẹ Máa Mú Lára Òpó Ọlọ́wẹ̀? Àlàyé Fún Ẹni Tó Ń Kọ́ Àwòrán Yíyà

Iṣẹ́ kan wà tí àwọn olùkọ́ ọnà fẹ́ràn láti fún akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n á ní kó lọ wo iṣẹ́ ọnà kan dáadáa, kó ṣàlàyé àwọn ìlànà tó wà nínú rẹ̀, kó sì ti ibẹ̀ ya àwòrán tara rẹ̀. Lẹ́nu, iṣẹ́ yìí ò le rárá. Tó bá wá kan ọwọ́, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń há. Àwọn kan á gbé fọ́tò iṣẹ́ náà ka iwájú, wọ́n á dà á kọ láti òkè dé ilẹ̀. Àwọn mìíràn á to orúkọ ìlànà jọ, ìwọ̀n, ìdọ́gba, ìyàtọ̀, ìṣọ̀kan, wọ́n á sì padà sídìí bébà láìmọ ohun tí wọ́n fẹ́ fà síbẹ̀.

Ohun tí a kì í sábà sọ fún wọn ni pé ìpinnu ni ìlànà. Agbẹ́gilére dúró níwájú igi, ọ̀nà bíi méjì mẹ́ta ṣí sílẹ̀ fún un, ó mú ọ̀kan, ó jẹ́ kí ìyókù lọ. Bí ẹ bá mọ ohun tó mú, tí ẹ mọ ohun tó fi sílẹ̀, tí ẹ sì lè sọ ohun tí èyí tó mú náà ń ṣe fún ojú ẹni tó ń wò ó, ọwọ́ yín ti tẹ ohun tí ẹ lè gbé lọ sórí iṣẹ́ tiyín. Ojú ère, adé rẹ̀, irun rẹ̀, ti ẹni tó gbẹ́ ẹ nìyẹn. Ìpinnu tó wà lẹ́yìn wọn ni kò ní olówó.

Ká má bàa máa sọ̀rọ̀ lójú òfuurufú, ẹ jẹ́ ká mú iṣẹ́ kan ṣoṣo. Èyí tí mo yàn ni òpó tí agbẹ́gilére kan tó ń jẹ́ Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ fún ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, láàárín ọdún 1910 sí 1914. Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni wọ́n ti bí Ọlọ́wẹ̀, ṣùgbọ́n Ìsẹ̀-Èkìtì ló gbé dàgbà sínú iṣẹ́, lọ́dọ̀ Arínjalẹ̀, ọba ìlú náà, títí ó fi kú ní 1938. Àwọn ọba Èkìtì àti agbègbè rẹ̀ máa ń ránṣẹ́ pè é. Nínú oríkì rẹ̀ tí ìyàwó rẹ̀ kì, wọ́n ní ó ń gbẹ́ ìrókò bí ẹni ń gbẹ́ igbá. Òpó mẹ́rin ló gbẹ́ fún ààfin Ìkẹ́rẹ́ yìí. Ọ̀kan nínú wọn, èyí tó gbé ọba àti olorì, ti wà ní Art Institute of Chicago ní Amẹ́ríkà báyìí, ẹ sì lè rí fọ́tò rẹ̀ lórí ìkànnì wọn. Ó ga tó mítà kan àti ààbọ̀. Ẹ ṣí fọ́tò náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ẹ tó máa kà á lọ, nítorí ọ̀rọ̀ nípa ohun tí a ò rí kì í pẹ́ sú èèyàn.

Ọba jókòó lórí ìtẹ́, adé wà lórí rẹ̀, ẹyẹ wà lórí adé. Olorì àgbà dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀yìn ìtẹ́ mú. Nílẹ̀ níwájú wọn, obìnrin kékeré kan kúnlẹ̀, Èṣù sì ń fọn fèrè. Ẹnì kan tó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ọba wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti sọnù.

Ohun tó kọ́kọ́ máa ń mú ojú ni pé obìnrin tó wà lẹ́yìn yìí ga fíofío. Òun ló ga jù nínú gbogbo wọn. Ọba tó jókòó níwájú rẹ̀ kéré sí i gan-an, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ń rọ̀ dirodiro, kò kan ilẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ àwòrán lè rò pé agbẹ́gilére ṣi ìwọ̀n ni. Kò ṣì í. Ẹni tó lè gbẹ́ èèyàn mẹ́rin márùn-ún jáde láti inú ìtì igi kan mọ bí ẹsẹ̀ ṣe ń kanlẹ̀. Ó pinnu pé kó má kanlẹ̀ ni.

Kí ló dé? Ẹ ronú sí ipò olorì àgbà. Òun ló ń gbé adé lé ọba lórí lọ́jọ́ ìwúyè. Ẹyẹ tó wà lórí adé náà ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn ìyá wa, àwọn tí ọba kò lè dá ṣe ìjọba láìsí àṣẹ wọn. Ọlọ́wẹ̀ fi gíga obìnrin yẹn sọ ohun tí kò ṣeé kọ sára igi: ọba jókòó torí pé ẹnì kan dúró tì í. Ohun tí àwọn olùkọ́ ń pè ní ìwọ̀n nìyẹn. Nínú iṣẹ́ yìí, ipá tí èèyàn ní ni ìwọ̀n ń sọ, kì í ṣe bí ara rẹ̀ ṣe gùn tó.

Síbẹ̀, ẹ wò ó dáadáa, ọba ni ojú yín ṣì ń padà sí. Báwo ló ṣe rí bẹ́ẹ̀ nígbà tí ẹni ẹ̀yìn rẹ̀ jù ú lọ? Àárín ló wà, adé rẹ̀ ṣe ṣóńṣó lọ sókè, bẹ́ẹ̀ àwọn tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ kéré débi pé ó di òmìrán lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ẹ fi ọwọ́ bo àwọn kékeré yẹn lórí fọ́tò. Kíá ni ọba á dà bí ọmọ tó jókòó lórí àga àgbà. Ẹ ká ọwọ́ kúrò, ọlá rẹ̀ á padà. Ìdánwò ọwọ́ yìí ṣe pàtàkì lójú mi ju gbogbo ohun tí ìwé lè kọ́ yín nípa ìwọ̀n lọ, torí ó fi hàn pé kò sí ohun tó tóbi tàbí tó kéré fúnra rẹ̀ nínú àwòrán. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló ń sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀.

Orí náà ńkọ́? Orí àgbàlagbà tó dúró máa ń jẹ́ ìdá kan nínú nǹkan bí ìdá méje sí mẹ́jọ gíga rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ère Yorùbá, orí máa ń gba ìdá kan nínú mẹ́rin, nígbà mìíràn ìdá kan nínú mẹ́ta. Orí ni àyànmọ́ èèyàn wà, òun ni wọ́n ń bọ, òun ni wọ́n fẹ́ kó hàn. Àwọn agbẹ́gilére àtijọ́ ní ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n fi ń díwọ̀n èyí, jíjọra: kí ère jọ èèyàn tó, àmọ́ kó má jọ ẹnì kan pàtó jù. Nítorí náà, bí ẹ bá gbé tẹ́ẹ̀pù tí wọ́n fi ń wọn ara èèyàn wá síbí, òdìkejì ohun tí agbẹ́gilére ń sọ lẹ máa gbọ́.

Ohun kejì tí mo fẹ́ kí a dúró lé lórí ni ibi tí kò sí nǹkan kan. Òpó ni iṣẹ́ yìí. Èèyàn á retí kí òpó ki, kí igi rẹ̀ so pọ̀. Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ igi kúrò láàárín ọba àti olorì títí afẹ́fẹ́ fi ń gba ibẹ̀ kọjá. Òfìfo yẹn náà iṣẹ́ ọwọ́ ni. Ó tilẹ̀ ṣòro ju ojú àti imú lọ, torí ẹni tó bá ṣì í gbẹ́ kò lè dá igi padà.

Òfìfo yìí ń ṣe iṣẹ́ púpọ̀. Ó ya èèyàn méjì sọ́tọ̀ kí ojú lè ka ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ó jẹ́ kí apá olorì tó nà wá síwájú hàn gedegbe, kí a lè mọ̀ pé òun ló di ìtẹ́ mú. Ó tún mú kí òpó náà máa yí padà bí ẹni tó ń wò ó ṣe ń rìn: ibi tó ṣí láti ẹ̀gbẹ́ á pa dé tí ẹ bá dé iwájú. Ìdí nìyẹn tí fọ́tò kan kò fi tó. Ẹ wá èyí tí wọ́n yà láti ẹ̀gbẹ́ mọ́ èyí tí wọ́n yà láti iwájú.

Ẹ jẹ́ ká fi ọwọ́ ṣe é. Ẹ mú bébà, ẹ má ya ọba, ẹ má ya olorì. Òfìfo tó wà láàárín wọn nìkan ni kí ẹ yà, kí ẹ fi pẹ́ńsùlù kùn ún dúdú. Ìrísí àjèjì kan á jáde lórí bébà, tí kò jọ èèyàn tàbí igi. Nígbà tí ẹ bá parí, ẹ máa rí i pé ọba àti olorì ti yọ láàárín dúdú yẹn láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ kàn wọ́n. Ẹni tó bá lè ṣe èyí lẹ́ẹ̀kan, kò ní wo àwòrán bó ṣe ń wò ó tẹ́lẹ̀ mọ́.

Àwọn ìlànà tó kù lára òpó yìí kò nílò àlàyé púpọ̀. Ìyàtọ̀ wà láàárín ara tó dán àti ibi tí wọ́n fín, bí irun, adé àti ọnà ara. Bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ fínfín, kò sí èyí tí a máa rí. Ọlọ́wẹ̀ tún kun àwọn ère rẹ̀ ní ọ̀dà, èyí tó ṣẹ́ kù lára wọn ṣì hàn. Ìṣọ̀kan wá láti inú pé irú ojú kan, irú ọrùn gígùn kan, ló wà lára gbogbo wọn, àgbà àti kékeré. Ìdọ́gba rẹ̀ jẹ́ ti òsì àti ọ̀tún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra, àwọn kékeré tó wà nílẹ̀ nìkan ni kò jẹ́ kó jọra tán.

Ó wá ku bí èyí ṣe máa di àwòrán tiyín.

Ẹ kọ ìpinnu tí ẹ rí sílẹ̀ ní gbólóhùn tí kò dárúkọ ọba, olorì, adé tàbí ẹyẹ. Fún àpẹẹrẹ: "Ẹni tó ń ti èèyàn lẹ́yìn ga ju ẹni tí gbogbo ojú ń wò." Tàbí: "Afẹ́fẹ́ wà láàárín àwọn méjì tí wọn ò lè ṣe láìní ara wọn." Bí gbólóhùn náà bá ṣì nílò kí ẹ sọ pé ọba ni, ẹ ò tíì kúrò ní ìrísí, ẹ tún un ro. Bó bá lè dúró láìsí ọba, ẹ lè gbé e lọ síbikíbi.

Ẹ wá wo ayé tí ẹ mọ̀, kí ẹ bi í pé ibo ni irú nǹkan báyìí ti ń ṣẹlẹ̀. Èmi ronú kan onídìrí. Oníbàárà rẹ̀ jókòó sórí àpótí nílẹ̀, orí rẹ̀ wà láàárín eékún ẹni tó ń dirun fún un. Oníbàárà ni ẹni tí ayẹyẹ ń dúró dè, òun ló ń lọ síbi ìgbéyàwó lọ́la, gbogbo èèyàn á wo orí rẹ̀. Ẹni tó gbé ẹwà náà lé e lórí wà lẹ́yìn rẹ̀, kò sì sí ẹni tó máa béèrè orúkọ rẹ̀ níbi àríyá. Ìpinnu Ọlọ́wẹ̀ bá ibí yìí mu gan-an, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tó máa wo àwòrán onídìrí kó ní òpó Ìkẹ́rẹ́ lẹ dà kọ.

Ẹ má tíì ya àwòrán ńlá. Ẹ ya kékeré, tí kò ju páálí ìṣáná lọ, bíi mẹ́fà tàbí mẹ́jọ lórí bébà kan. Ẹ má fi rọ́bà pa nǹkan kan rẹ́. Àwòrán àkọ́yà báyìí, tí àwọn ọmọ iléèwé ọnà ń pè ní sketch, ìbéèrè ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Nínú àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí onídìrí ga bó ṣe ga lójú ayé. Nínú ìkejì, ẹ fà á sókè títí orí rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí bébà. Nínú ìkẹta, ẹ mú un ga ju bébà lọ, kó jẹ́ pé apá rẹ̀ méjèèjì àti àyà rẹ̀ nìkan ló kù lójú, ojú rẹ̀ ti bọ́ sóde. Ẹ wá béèrè èwo nínú wọn ló sọ ọ̀rọ̀ yẹn jù. Lójú tèmi, ìkẹta lágbára jù, bẹ́ẹ̀ Ọlọ́wẹ̀ kò ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì lè ṣe é, torí òpó rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní orí. Ibi tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í di tiyín gan-an nìyẹn: bébà yín fàyè gba ohun tí igi rẹ̀ kò gbà.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi òfìfo kún un. Níbo ni afẹ́fẹ́ wà láàárín onídìrí àti oníbàárà? Ara wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ lẹ̀ mọ́ra. Ẹ wo igun tí apá tó ká ń ṣe níbi ìgunpá, ẹ wo ìtàkùn irun tó nà láàárín ìka àti orí. Àwọn òfìfo kéékèèké yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ kùn. Kí ẹ tún wá àwọn kékeré tó máa sọ oníbàárà di ẹni ńlá, bí ọba ṣe ní tirẹ̀: ìyàrí nílẹ̀, ọ̀rá tí wọ́n kó irun àtọwọ́dá sí, ọmọ ọwọ́ tó ń fi ìdí wọ́ kiri. Ẹ yà wọ́n kéré ju bí wọ́n ṣe kéré lọ, kí ẹ wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀.

Bí onídìrí kò bá wù yín, ìpinnu kan náà lè bá bíríkìlà àti lébìrà tó ń gbé kọnkéré fún un mu, tàbí ìyá tó dúró lẹ́yìn ọmọ tó ń ka ìwé sókè ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ yan èyí tí ẹ ti fi ojú ara yín rí dáadáa.

Ìbéèrè tí mo máa ń gbọ́ jù ni bóyá olè kọ́ ni èyí. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì láti 1947. Bàbá Kevin Carroll, àlùfáà Kátólíìkì, kó àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ jọ síbẹ̀, Bándélé, ọmọ Àreògún tí òun náà jẹ́ agbẹ́gilére, sì wà lára àwọn tó ń gbẹ́gi níbẹ̀. Ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì àti ère ìbí Jésù ni wọ́n ní kí wọ́n gbẹ́, ohun tí bàbá Bándélé kò gbẹ́ rí nígbà tirẹ̀. Bándélé gbé ìpinnu tó bá nílẹ̀ lọ sórí ìtàn tuntun: orí ńlá, ojú tó tutù, ilẹ̀kùn tí wọ́n pín sí yàrá yàrá, àwọn ọba amòye tó dé adé ìlẹ̀kẹ̀. Làmídì Fákẹ́yẹ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ níbẹ̀, ó sì di ẹni tí ayé mọ̀. Kò sẹ́ni tó lè pe iṣẹ́ Fákẹ́yẹ ní iṣẹ́ Àreògún. Ohun tó máa jẹ́ olè ni kí ẹ da ojú ère Ọlọ́wẹ̀ kọ, kí ẹ wá kọ orúkọ yín sábẹ́ rẹ̀. Kí ẹ dà á kọ láti fi kọ́ ọwọ́ kò burú, kìkì kí ẹ kọ síbẹ̀ pé tirẹ̀ lẹ dà kọ.

Láti ọ̀dọ̀ àwọn agbẹ́gilére yìí náà ni a ti lè kọ́ bí iṣẹ́ ṣe ń tẹ̀lé ara wọn. Ọnà lílé ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n á fi àáké lé ibi tí orí, ara àti ẹsẹ̀ máa wà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àlétúnlé, tí àwọn ẹ̀yà ara á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Dídán tẹ̀lé e, kí ara lè jọ̀lọ̀. Fínfín ló gbẹ̀yìn, tí ọ̀bẹ á wá fín irun, ìpéǹpéjú àti ọnà aṣọ. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ya àwòrán ló ń fi fínfín bẹ̀rẹ̀: wọ́n á ya ojú kan tó rẹwà, ìpéǹpéjú rẹ̀ pé, kí wọ́n tó mọ̀ pé ara kò ní gba bébà. Nínú àwọn àkọ́yà onídìrí yẹn, ẹ má jẹ́ kí ojú tàbí ìka kankan yọ títí lílé fi jókòó. Bí ẹ bá ṣẹ́ ojú díẹ̀ tí ẹ wò ó láti òkèèrè, tí ẹ ò lè mọ ẹni tó ga àti ẹni tó jókòó, kò sí ìpéǹpéjú tó máa gbà á là.

Ẹ má rò pé gbogbo iṣẹ́ ọnà ló máa fún yín ní ìpinnu kan náà. Ilẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ fún ààfin Ìkẹ́rẹ́ yìí kan náà, tí wọ́n gbé lọ síbi àfihàn ní Wembley ní 1924 tó sì wà ní British Museum títí dòní, ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ ló ń sọ. Ìgbà tí Ògògà gba òyìnbó ìjọba tó ń jẹ́ Ambrose lálejò ló gbẹ́ síbẹ̀. Ọba àti olorì wà lápá kan, wọ́n gbé òyìnbó lórí àga àgbérìn lápá kejì. Ilẹ̀kùn méjèèjì pín sí yàrá márùn-ún márùn-ún, ṣùgbọ́n ìlà tó pín wọn kò bára mu láti apá kan sí èkejì. Bí ìlà bá ṣe déédéé, ojú á sáré kọjá. Nítorí pé kò ṣe déédéé, ojú á máa fò sókè sódò láàárín ọba àti àlejò. Àwọn ère náà yọ síta débi pé orí wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dá dúró kúrò lára pátákó, ara wọn kọ ẹ̀gbẹ́, ojú wọn sì yí sọ́dọ̀ ẹni tó ń wò wọ́n. Ẹni tó ń ya ìtàn alápá púpọ̀ lórí bébà, irú èyí tí wọ́n ń fi yàrá yàrá sọ, ilẹ̀kùn yìí ló yẹ kó lọ bá.

Ẹ lè tún gbìyànjú ìbéèrè wọ̀nyí lára òpó mìíràn tí Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́, èyí tó wà ní Metropolitan Museum ní New York. Jagunjagun lórí ẹṣin ló wà lókè, obìnrin ló sì gbé e dúró nísàlẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ bo obìnrin náà ná, kí ẹ wo ẹṣin. Lẹ́yìn náà ẹ bo ẹlẹ́ṣin, kí ẹ wo obìnrin. Ẹ kọ gbólóhùn kan sílẹ̀ tí kò dárúkọ ẹṣin, tí kò dárúkọ ogun, kí ẹ tó mú pẹ́ńsùlù.